Ìmì àti Àyè Òfo: Gbígbé Ẹ̀rọ Mílìǹ Àlòkù Kalẹ̀ àti Àtúnṣe Rẹ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ilé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé ẹ̀rọ mílìǹ àlòkù kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ilé, àti bí a ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é kí a tó tún un ṣe. Ìrírí wa lórí ẹ̀rọ kan tí a rà ni a gbé e kà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa oníṣẹ́ irin ń pè ní "ó ti dẹ̀". Olùkọ́ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè fi owó ṣòfò, ó sì lè fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú ewu. A mú àbá wá lórí bí a ṣe lè kọ́ wọn.

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ mílìǹ láàárín àwa Yorùbá, ẹ̀rọ ìlọta ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín yàtọ̀: ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀bẹ ayípo gé irin ni. Lórí léètì, irin tí à ń gé ló ń yí, ọ̀bẹ kì í yí. Lórí mílìǹ, ọ̀bẹ ló ń yí, a ó sì de irin mọ́ tábìlì tó ń gbé e lọ bá ọ̀bẹ. Òun la fi ń gé ojú irin kó tẹ́jú, òun náà la fi ń la ojú kíì sára ṣáàfù.

Irú tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mílìǹ olórúnkún, tí apá kan lábẹ́ tábìlì ń gbé e sókè sódò. Bridgeport, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní 1938, ni gbajúmọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti ṣe irú rẹ̀. Owó tuntun kọjá agbára olùkọ́, nítorí náà tòkunbọ̀ ni a rà.

Gbígbé kalẹ̀ àti fífọ̀

Irú ẹ̀rọ yìí wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, òkè rẹ̀ ló sì wúwo jù. Ohun tó ń mú un ṣubú nìyẹn. Kí a tó gbé e, a sọ orúnkún rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá, a sì yí orí rẹ̀ dorí kodò kí ìwúwo rẹ̀ lè sún mọ́lẹ̀. A fi páìpù sábẹ́ pákó tó dúró lé, a rọra yí i wọlé. A kò fa tábìlì rẹ̀ rárá, torí tábìlì kì í ṣe ibi ìdìmú.

Ilẹ̀ kọ́ńkéré ni ó yẹ kó dúró lé. Lẹ́fẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò kò tó fún un. Ti oníṣẹ́ irin ni a lò, ní gígùn àti ní ìbú tábìlì, a sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó bá rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a fi kẹrosíìnì fọ ojú ọ̀nà tí tábìlì ń gbà rìn. Ẹni tó lo ẹ̀rọ náà ṣáájú ti fi gíríìsì sí ibi tó yẹ kó fi ọ́ìlì sí. Gíríìsì náà ti gan, ó sì ti dí àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà. A tú wọn, a fi wáyà là wọ́n, a sì fún wọn ní ọ́ìlì títí ó fi hàn ní ojú ọ̀nà. Kò sí iná lára ẹ̀rọ ní gbogbo àkókò yìí.

Ọ̀rọ̀ iná

Mọ́tò iná rẹ̀ jẹ́ ti fésì mẹ́ta, 230 fóòtì, 60 Hz, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Amẹ́ríkà. Iná tiwa jẹ́ 50 Hz, fésì kan ló sì wọ ilé wa. A ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gba fésì kan, tí ń sọ ọ́ di mẹ́ta, tí a sì lè fi sí 60 Hz. Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, tààrà ni a ń so ó mọ́ mọ́tò. A kì í fi súìṣì sáàárín wọn. Èkejì, iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, nítorí náà a ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó ṣí i.

Àìsàn méjì, orúkọ kan

Nígbà tí a dán tábìlì wò, gbogbo wa ló sọ pé "ó ti dẹ̀". Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà.

Ìmì ni èkíní. A gbé aago ìwọ̀n, irú èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ka 0.01 mm, sí etí tábìlì. A di tábìlì mú, a fà á, a tì í, láìfọwọ́ kan àǹdù. Abẹ́rẹ́ rìn 0.12 mm. Ohun tó ń ṣàkóso èyí ni irin pẹlẹbẹ kan, tó nípọn lápá kan ju èkejì lọ, tí a há sáàárín tábìlì àti ojú ọ̀nà rẹ̀. A ó pè é ní irin ìhámọ́. Bí a bá fún sukúrúù rẹ̀, ìmì á dínkù. A fún un nígbà tí tábìlì wà láàárín, ó sì dára. Nígbà tí tábìlì dé ìpẹ̀kun, ó há gádígádí. Ìdí ni pé àárín ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, àárín ló sì jẹ jù. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìpẹ̀kun ni a fi ṣe òdiwọ̀n, a gba ìmì díẹ̀ láàárín, a sì ń ti apá tí a kò lò pa nígbà tí a bá ń gé irin.

Àyè òfo ni èkejì. Bí a bá yí àǹdù sọ́tùn-ún, tí a wá yí i padà sósì, àǹdù á kọ́kọ́ yí lásán kí tábìlì tó gbéra. Tiwa tó 0.9 mm. Irin ìhámọ́ kò lè wo èyí sàn láéláé. A rò pé nọ́ọ̀tì idẹ tí sukúrúù gígùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ti jẹ, a sì sanwó òmíràn.

Kí nọ́ọ̀tì náà tó dé, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń gé irin. Ó ti gbọ́ lẹ́nu wa pé ẹ̀rọ "dẹ̀" tẹ́lẹ̀, pé a ti fún un. Ó ti tábìlì sí ìhà kan náà tí eyín ọ̀bẹ ń lọ. Ọ̀bẹ gbá irin mú, ó fa tábìlì gba gbogbo àyè òfo náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kán. Àfọ́kù rẹ̀ ta mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ náà. Ohunkóhun kò ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan la fún un fún nǹkan méjì.

Ọjọ́ yẹn ni a tó gbé aago sí orí sukúrúù gígùn náà fúnra rẹ̀. Ó ń wọlé, ó ń jáde ní 0.6 mm: nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn àǹdù ló ti tú. A fún un, àyè òfo sì ku 0.3 mm. Nọ́ọ̀tì idẹ tí a sanwó rẹ̀ ṣì wà nínú páálí títí di òní. Nítorí 0.3 mm tó kù, a ń ti irin dojú kọ eyín ọ̀bẹ ni, a kì í tì í tẹ̀ lé e.

Títọ́ orí ẹ̀rọ

Èyí ló kẹ́yìn, torí kò ní í dúró bí tábìlì bá ṣì ń mì. A de aago mọ́ ṣáàfù tó ń di ọ̀bẹ mú, a fi ọwọ́ yí i kí ó ya òbìrí 200 mm lórí tábìlì. A ń tú bóòtù orí díẹ̀, a ń tọ́ ọ, títí ìyàtọ̀ ọ̀tún sí òsì, àti iwájú sí ẹ̀yìn, kò fi ju 0.02 mm lọ. Bí a bá fún bóòtù tán, a tún wọ̀n ọ́n, nítorí fífún gan-an ń sún un. Bí orí bá wọ́, ojú irin tí a gé lè jin láàárín bí àwo.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Ètò iṣẹ́ náà ni: ìdúró, fífọ̀ àti ọ́ìlì, iná, ìmì, àyè òfo, títọ́ orí. A ń wọ̀n kí a tó tú, a sì ń tú kí a tó rà. A dábàá pé:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìmì àti àyè òfo kí a tó gbà á láyè láti gé irin.
2. Kí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ gbé ẹ̀rọ tó ní àìsàn síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kó sọ èyí tó jẹ́, kó sì fi aago fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.
3. Kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fi Haúsá, Ígbò tàbí èdè mìíràn kọ́ni wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn oníṣẹ́ yín ń lò fún méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tan ẹ̀rọ.