Owó tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjà

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje ni àyájọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé. Ti 2025 wá lọ́tọ̀, torí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya odindi ọdún náà sọ́tọ̀ fún wọn, bó ṣe ṣe ní 2012. Àwọn olóyè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ya fọ́tò. Àmọ́ ẹ bi ará Àjàngbádì ní Èkó léèrè pé kí ni kọpurétífù ń ṣe, yóò ní wọ́n ń yáni lówó ni. Bí ẹ bá ní ti oúnjẹ ńkọ́, àjọ oúnjẹ ni yóò rántí: kéèyàn máa dá owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kìíní, kó lè gba ìrẹsì, òróró àti tòmátò alágolo tí Kérésì bá kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oúnjẹ yàtọ̀ sí wọn. Àwọn tó ń jẹun láti inú ìsọ̀ rẹ̀ ló ni ín, ìṣirò kan ṣoṣo ló sì gbé e ró. Ìṣirò ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì lóye.

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, àwọn èèyàn 28, tí ahunṣọ wà lára wọn, ṣí ìsọ̀ kótópó kan ní Toad Lane, ìlú Rochdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là wà lára ọjà wọn. Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́jà kan ń po ìdọ̀tí mọ́ ìyẹ̀fun, òṣìṣẹ́ sì ń jẹ gbèsè lọ́rùn lọ́rùn. Àwọn kan ti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, ó sì dàrú. Ohun tí àwọn ará Rochdale ṣe ni pé wọn ò tajà lọ́pọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á níta ni àwọn náà ń tà á. Tó bá di òpin oṣù mẹ́ta, wọ́n á ka èrè, wọ́n á sì pín in gẹ́gẹ́ bí ọjà tí kálukú rà ṣe tó. Wọn kì í wo ẹni tó dá owó tó pọ̀ jù.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ní Àjàngbádì ta ọjà ₦3,000,000 láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ owó ọkọ̀, owó ìsọ̀, ọjà tó bàjẹ́ àti owó ìpamọ́ kúrò, ₦150,000 wá ṣẹ́kù. Kọ́bọ̀ márùn-ún ló bọ́ sí lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ra ọjà ₦120,000 yóò gba ₦6,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá gbé, tó ra ti ₦20,000, yóò gba ₦1,000. Alhaji tó fi owó ńlá ra ìpín, àmọ́ tí kò ra gààrí kan níbẹ̀, kò ní kọ́bọ̀ nínú owó yìí, àfi èlé kékeré tí ẹgbẹ́ ti fi gbèdéke sí. Ìbò kan náà ni òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì ní.

Kí ló wá dé tí wọn ò kúkú dín owó ọjà kù lójú ẹsẹ̀? Ẹ rántí ọjà Oúnjẹ Èkó tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024, tí wọ́n fi ń yọ ìdá 25 nínú 100 lórí ọjà ní ọjọ́ Àìkú. Àpò ìjọba ni ẹ̀dínwó yẹn ti wá. Ẹgbẹ́ àdúgbò ò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Bó bá ta ọjà ní iye tó rà á, àpò ẹ̀wà kan tí kòkòrò bá wọ̀ ti tó láti wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sì lè kó gbogbo ọjà olówó pọ́ọ́kú náà lọ tún tà níwájú òpópónà.

Èrè kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìṣirò. Ẹ wo ìdí kóńgò dáadáa nínú àwọn ọjà wa. Wọ́n ti lu òmíràn wọnú, ó wú sókè nínú bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí ìrẹsì tó débẹ̀ ni apá kan ti lọ. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n oníbàárà ò lè yẹ ìdí kóńgò wò lójoojúmọ́. Ìsọ̀ tó jẹ́ tiyín ò ní ìdí láti lu kóńgò, torí owó tó bá fi rẹ́ yín jẹ ni yóò padà pín fún yín.

Nílẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni kọpurétífù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olóko Agége ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1907. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland ṣe ìwádìí lórí kọpurétífù fún ìjọba amúnisìn, ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935. Kòkó ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, èyí tó ń tọ́jú owó tó sì ń yáni. Ẹni tó ń jẹun ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìtàn náà, àfi láyé iléeṣẹ́ ìjọba, Nigerian National Supply Company, nígbà tí ìrẹsì, mílíìkì àti ṣúgà ìjọba ń gba ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ kọjá. Lójú tèmi, ìlà ìgbọjà lásán ni púpọ̀ nínú àwọn yẹn. Nígbà tí ọjà ìjọba dáwọ́ dúró, kí ni wọn ì bá tún máa pàdé lé lórí?

Ibi tó le ni àwìn. Rochdale ò tà láwìn rárá. Ní Àjàngbádì, ìyá alátẹ tó wà níwájú ilé ló ń gba ọ̀pọ̀ ìdílé là títí owó oṣù á fi wọlé. Bí ẹgbẹ́ bá sọ pé owó lọ́wọ́ ni, àwọn tí ebi ń pa jù lè má lè wọlé. Bó bá sì ń tà láwìn, gbèsè lè jẹ ẹ́ run. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ tuntun fọwọ́ kan àwìn, ó sì ṣeé ṣe kó dára bí ìyá alátẹ náà bá wà lára ọmọ ẹgbẹ́, kó máa rajà lọ́dọ̀ wọn, kó máa gba èrè tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò pọn dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìsọ̀. Ní Tokyo ní 1965, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ Seikatsu Club nípa ríra ìgò mílíìkì 300 papọ̀. Agboolé mélòó kan ní àdúgbò ni wọ́n ń kó jọ láti jọ béèrè ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Òpópónà kan ní Àjàngbádì lè ṣe bẹ́ẹ̀: ìrẹsì láti Dalẹ́kọ̀, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti Alábà Ràgò, ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mile 2 ni ọkọ̀ ojú irin dé láti oṣù Kẹsàn-án 2023, kò tíì dé Òkokomáíkò, nítorí náà owó ọkọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ò ní fojú àánú wo ẹni tó ń dá ra àpò kan. Tó bá di ìforúkọsílẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ni òfin ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé àwọn onílé ni irú ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ló sì ti lè bàjẹ́, torí ayálégbé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹun. Ẹni tó bá kó lọ sí Agbára ní oṣù Kẹsàn-án, bó bá jẹ́ pé oṣù Kejìlá nìkan ni wọ́n ń pín èrè, èrè orí ọjà tó ti rà ńkọ́? Èyí ló mú kí n fara mọ́ pípín in lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti Rochdale, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá ń kó lọ yóò gba tirẹ̀ kí ọkọ̀ ẹrù tó gbéra.