Kí Ẹ Tó So Ilé Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ti fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Bí àwọn ènìyàn wa bá ti pẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ náà, tí àwọn ọmọ sì ti ń dàgbà, wọn a máa rí àwọn aládùúgbò wọn tí ń fi ọkọ̀ fa ilé kékeré lẹ́yìn nígbà ìsinmi, ó sì lè wu àwọn náà láti ra tiwọn. Ilé àfọkọ̀fà ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Travel trailer ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Karafáànù ni ti àwọn ará Bìrìtìkó. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, omi àti ilé ìwẹ̀ wà pẹ̀lú. Ìdílé Mùsùlùmí tí ó bá ní irú rẹ̀ lè se oúnjẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà, ó lè ṣe àlùwàlá, ó sì lè kírun ní àkókò, láì wá ilé ìtura kiri. Ohun dáradára ni.

Ṣùgbọ́n ohun dáradára yìí wúwo púpọ̀, kò sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni a ti so ó mọ́ ọkọ̀ tí ó gbé ìyàwó àti ọmọ. Ohun ìsopọ̀ yìí ni à ń pè ní ìkọ́. Bí ìkọ́ kò bá bá ẹrù mu, ìsinmi lè di ìbànújẹ́. Nítorí náà ni a fi fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé àfọkọ̀fà fún ìgbà àkọ́kọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín yóò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, mọ bí a ti ń yan ìkọ́ àti ohun tí ń dènà fífì, kí òǹtajà tó fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà yín lọ́kàn.

OHUN TÍ Ń MÚ ILÉ FÌ

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n ilé àfọkọ̀fà kì í fi ìgbà gbogbo wo ọkọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ bí ògiri, nítorí náà ni atẹ́gùn fi ń rí i tì. Bí tírélà akẹ́rù bá fẹ́ ya yín sílẹ̀ ní òpópónà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń tì níwájú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbá ìdí ilé náà, lẹ́yìn èyí yóò gbá iwájú rẹ̀. Ilé yóò fì sọ́tùn-ún, yóò fì sósì, yóò sì máa fa ìdí ọkọ̀ yín káàkiri. Bí a bá di ẹrù rẹ̀ dáradára, fífì kejì yóò kéré sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta yóò sì pòórá. Bí a kò bá dì í dáradára, fífì kejì yóò ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta yóò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí ọwọ́ awakọ̀ kò fi ní ká a mọ́. Bí eré bá sì ti pọ̀ tó ni ewu náà ń pọ̀ tó.

Ẹ rántí ọmọláńké tí àwọn alábàárù ń lò ní ọjà wa. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù sí ìdí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a gbé sókè, ẹni tí ó dì í mú kò sì ní lè darí rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ẹrù sí apá ọwọ́ rẹ̀ jù, yóò wúwo débi pé kò ní ṣeé gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé àfọkọ̀fà rí. Irin tí ó nà jáde níwájú rẹ̀ ni à ń pè ní ahọ́n. Ìwúwo tí ahọ́n gbé lé ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo ilé àti ẹrù inú rẹ̀. Bí ilé àti ẹrù bá jẹ́ 6,000 pọ́ùn, ahọ́n yóò gbé 600 sí 900 pọ́ùn. Bí ó bá kéré sí èyí, ilé yóò máa fì. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ yóò wọlẹ̀, iwájú rẹ̀ yóò fúyẹ́, táyà iwájú tí ń darí ọkọ̀ kò sì ní di ilẹ̀ mú bí ó ti yẹ.

Ẹ WỌN ẸRÙ KÍ Ẹ TÓ RA ÌKỌ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àkàwé. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń gbé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n sì fẹ́ lọ wo ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Big Bend, ìrìn-àjò tí ó ju 500 máìlì lọ ní àlọ nìkan. Wọ́n ti sọ fún bàbá pé ọkọ̀ rẹ̀ lè fa 9,000 pọ́ùn. Ilé tí ó fẹ́ rà, tòun ti ẹrù, jẹ́ 6,000. Lójú rẹ̀, àyè ṣì pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ó wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara férémù rẹ̀. Ibẹ̀ ni a kọ iye ìwúwo ènìyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé sí. Ká ní 1,400 pọ́ùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ènìyàn márààrún gba 600. Ẹrù inú ọkọ̀ gba 150. Ìkọ́ fúnra rẹ̀ gba 80. Ahọ́n ilé gba 750. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,580. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó lè fa 9,000 ti gbé 180 pọ́ùn ju agbára rẹ̀ lọ kí ó tó kúrò lójú kan! Kò sí ìkọ́ olówó gọbọi tí ó lè mú 180 yìí fò lọ. Bí ó bá yan ilé tí ó jẹ́ 4,500 tòun ti ẹrù, tí ahọ́n rẹ̀ gbé 540, àpapọ̀ yóò jẹ́ 1,370, yóò sì lè lọ.

Ẹ má ṣe gbára lé ìwúwo tí ó wà nínú ìwé ìpolówó, nítorí ilé òfìfo ni wọ́n wọ̀n. Omi nìkan, bí ó bá jẹ́ 40 gálọ́ọ̀nù, ó ju 330 pọ́ùn lọ. Òṣùwọ̀n ńlá wà ní àwọn ibùdó tí àwọn onítírélà ti ń ra epo. Owó díẹ̀ ni ẹ ó san láti wọn ọkọ̀ àti ilé níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń di ẹrù. Nínú ilé púpọ̀, ìdí pátápátá ni ibi ìdáná wà. Bí ẹ bá kó ìkòkò, àpò ìrẹsì àti kúlà síbẹ̀, tí àwọn ọmọ tún so kẹ̀kẹ́ wọn mọ́ ẹ̀yìn, ahọ́n yóò fúyẹ́, fífì yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù wà níwájú ẹsẹ̀ ilé náà, kí ohun tí ó wúwo sì wà nílẹ̀.

YÍYAN ÌKỌ́

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ìwúwo, ẹ wá lè yan ìkọ́. Lórí ihò onígun mẹ́rin tí ó wà ní ìdí ọkọ̀, lórí irin tí a ń tì bọ̀ ọ́, àti lórí bọ́ọ̀lù irin tí ilé yóò jókòó lé, a kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fà. Èyí tí ó kéré jù nínú iye wọ̀nyí ni agbára tí ẹ ní. Bọ́ọ̀lù irin gbọ́dọ̀ bá ẹnu ahọ́n mu gẹ́lẹ́. Èyí tí ó fẹ̀ tó ínṣì 2 àti èyí tí ó fẹ̀ tó ínṣì 2 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún ni ó wọ́pọ̀ fún irú ilé yìí. Bí bọ́ọ̀lù bá kéré ju ẹnu lọ, ilé lè já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ni ó sọ pé bí ilé bá ju 5,000 pọ́ùn lọ, tàbí tí ahọ́n bá ju 500 lọ, kí a lo ìkọ́ apínrù. Ìkọ́ yìí ní ọ̀pá irin méjì tí a ń fà ṣinṣin láti abẹ́ bọ́ọ̀lù mọ́ ara ahọ́n. Bí wọ́n bá ti le, wọn a gbé ìdí ọkọ̀ sókè, wọn a sì dá apá kan ìwúwo padà sí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àti sí ẹsẹ̀ ilé. Ẹ yan ọ̀pá tí ó bá ìwúwo ahọ́n yín mu. Èyí tí ó bá rọ̀ jù kò ní ṣiṣẹ́, èyí tí ó bá le jù yóò máa gbo ilé jìgìjìgì. Ẹ wọn gíga iwájú ọkọ̀ kí ẹ tó so ilé mọ́ ọn, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá so ó, kí ẹ lè mọ bí ọ̀pá náà ti ṣiṣẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn pé ìkọ́ yìí ń pín ẹrù ni, kò fi kún agbára ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí ìwé wọn kò fàyè gbà á rárá. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín.

ORÍṢI ADÈNÀ-FÍFÌ MẸ́TA

Èkíní ni ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó ń dí fífì lọ́wọ́ nípa bí nǹkan ti ń ha ara wọn. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ó sì tó fún ilé kékeré. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ ní láti tú u kí ẹ tó fi ẹ̀yìn rìn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é sì ní kí a má lò ó nígbà tí ọ̀nà bá ń yọ̀ nítorí òjò tàbí yìnyín.

Èkejì ni èyí tí a ṣe mọ́ ìkọ́ apínrù, tí ọ̀pá méjèèjì fi ń pín ẹrù tí wọ́n sì ń dènà fífì lẹ́ẹ̀kan náà. Equal-i-zer àti Blue Ox SwayPro wà lára irú èyí. Fún ìdílé tí ó ń ra ilé àkọ́kọ́ tí kò kéré jù tí kò sì tóbi jù, èyí ni ó yẹ jù lọ ní èrò tiwa.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó yí ojú ibi tí ilé ti ń fì padà, bí Hensley Arrow àti ProPride. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń dín fífì kù ni, ṣùgbọ́n èyí kì í jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó wúwo, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹni tí ó ní ilé gígùn tí ó sì ń rìn púpọ̀ ni ó bá mu.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, bí ilé bá ṣì ń fì nígbà gbogbo, ẹ má ṣe máa fún un le sí i. Ẹ padà lọ wọn ẹrù. Adènà-fífì kì í ṣe àwòtán ẹrù tí a dì lódì.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ rí i pé ilé yín ní bíréèkì iná tirẹ̀, kí ohun tí a fi ń darí bíréèkì náà wà nítòsí ọwọ́ awakọ̀. Kí ẹ̀wọ̀n méjèèjì kọ ara wọn lábẹ́ ahọ́n, kí okùn tí ń tẹ bíréèkì ilé bí ó bá já sì wà ní sísopọ̀. Àwọn táyà irú ilé yìí kan wà tí a kò ṣe fún eré tí ó ju 65 máìlì lọ ní wákàtí kan.

Bí ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì, ẹ má sì ṣe sáré sí i. Ẹ di ìtọ́kọ̀ mú gbọn-in ní gbọọrọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ilé nìkan díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tò sí ẹ̀yìn yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró sí ibi tí kò léwu, kí ẹ yẹ ẹrù àti ìkọ́ wò kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ètò rẹ̀ nìyí: ẹ kọ́kọ́ wọn ẹrù, ẹ dì í bí ó ti yẹ, ẹ yan ìkọ́ tí ó bá a mu, lẹ́yìn náà ni adènà-fífì. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ òǹtajà bẹ̀rẹ̀ ti fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe òpin. Bí ọmọ yín ní òkè òkun bá pè yín pé òun ti rí ilé tí ó wu òun, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó kí i kú oríire: “Èló ni wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ?” Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà mú wọn lọ, kí Ó sì fi àlàáfíà mú wọn bọ̀.