Àṣìṣe Tí Ń Pa Àṣírí Mọ́

Ẹni tí ó bá ń fi tẹlifóònù bá ará ilé sọ̀rọ̀ lẹ́bàá títì Gbàgádà mọ̀ pé ariwo ọkọ̀ a máa gbé ọ̀rọ̀ mì. Onílù dùndún ti mọ irú wàhálà yìí ṣáájú wa: ohùn kan náà ni owó, ilé àti ọkọ́ ní lẹ́nu ìlù, nítorí náà ni ó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ kí ó lè yéni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ní 1950, Richard Hamming ará Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi àmì 3 kún àmì 4, tí ọ̀kan sì bàjẹ́ lọ́nà, ẹni tí ó gbà á yóò lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni èyí kan ẹni tí ń jí ọ̀rọ̀ gbọ́? Ní 1978, Robert McEliece ní kí ẹni tí ń ránṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Àmì 524 di 1,024. A sì yí 50 padà nínú wọn. Gbogbo ayé lè mọ bí a ti ń dì í. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí nìkan ni ó mọ ètò tí ó fara sin, tí a fi ń tú u. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á!

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó wa ní báńkì. Ní 1994, Peter Shor fi hàn pé kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, bí a bá kọ́ ọ tí ó tóbi tó, yóò tú púpọ̀ nínú àwọn ìdì tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ó jí ọ̀rọ̀ kó pamọ́ lónìí lè máa dúró de ọjọ́ náà. Ní ti ìdì McEliece, àwọn ọ̀mọ̀wé já ìwọ̀n ti 1978 ní 2008. A mú un tóbi sí i, ọgbọ́n náà kò sì tíì yẹ̀.