Kí Olùdámọ̀ràn Tó Dé Iwájú Ọmọ

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe èyí tí a lè fi ìwé nìkan kọ́. Bí ó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìwé tó, ọjọ́ tí ọmọ kan bá jókòó níwájú rẹ̀, tí ó sì bú sẹ́kún, ni yóò mọ̀ bóyá òun ti kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń rán àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọn lè dánra wò lábẹ́ ojú àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ìmúrasílẹ̀ fún ìdánrawò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní ọdún 1959, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ti St. Theresa, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà pe àwọn ọ̀mọ̀wé kan jọ láti la àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ìwé lọ́yẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ibẹ̀ ni a gbà pé ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1976, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, ni àwọn olùdámọ̀ràn orílẹ̀-èdè yìí dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní 1977, Ìjọba Àpapọ̀ sọ nínú Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ pé kí a yan olùdámọ̀ràn sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn ọmọ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé ní Minna kì í ṣe ẹ̀yà kan. Ọmọ Gbagyi wà níbẹ̀, ọmọ Nupe àti Hausa wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá náà sì wà níbẹ̀, nítorí ojú irin tí ó ti Èkó wá pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kano ní ìlú yìí ti kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá láti ayé àwọn baba. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni àwọn ọmọ náà ń gbé sọ́kàn. Ní 17 February 2021, àwọn agbébọn ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti ìjọba ní Kagara, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Wọ́n pa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 27 lọ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn. Ní 30 May ọdún náà, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-kéú ní Tegina, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí a tó rí ọ̀pọ̀ wọn gbà padà. Ọmọ tí ó ti irú ibẹ̀ bọ̀ lè jókòó ní kíláàsì kan láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí kò múra sílẹ̀ lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo ṣí egbò rẹ̀, kí ó má sì mọ bí a ti ń dì í.

Ohun kìn-ín-ní tí ó yẹ kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìpamọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ní ọ̀sán, kò ní fọkàn tán olùdámọ̀ràn kankan mọ́. Síbẹ̀, ìpamọ́ náà ní ààlà. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ pa ara òun lára, tàbí tí àgbàlagbà kan ń fi ìyà tàbí ìbàjẹ́ jẹ ẹ́, a kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ààlà yìí fún ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí yóò gbé e tọ̀ lọ: alábòójútó rẹ̀, dókítà, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé.

Ohun kejì ni ìwà àti àṣà. Àwọn ìwé tí a kọ ní òkè òkun a máa sọ pé kí ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀ máa wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí a kọ́ nílé kì í tẹjú mọ́ àgbà, ọmọ Hausa pẹ̀lú sì ní ìtìjú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kunya. Bí ọmọ bá wo ilẹ̀, kì í ṣe pé ó ń purọ́.

Ohun kẹta ni pàṣán. Kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò tó fún sọ akẹ́kọ̀ọ́ olùdámọ̀ràn di olùkọ́ kíláàsì, kí ó sì fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Ta ni yóò sọ àṣírí fún ẹni tí ó nà án láàárọ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ ìwé sí ọ̀gá náà ṣáájú, kí ó là á yé e ohun tí ẹni tí ń bọ̀ wá ṣe.

Kí wọn tó lọ, ó dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ara wọn dánra wò ní mẹ́ta-mẹ́ta: ẹni kan yóò ṣe bí ọmọ, ẹnì kejì yóò máa gbọ́, ẹnì kẹta yóò máa ṣọ́ àṣìṣe. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́, àti pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Kí wọn kọ́ láti yan ibi tí ojú lè tó ṣùgbọ́n tí etí kò lè tó, kí wọn fi nọ́ńbà dípò orúkọ ọmọ nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí wọn sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí.

Èyí tí a ń gbàgbé jù ni ìparí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò. Bí ó bá kàn parẹ́ ní ọjọ́ kan, ọmọ tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé e yóò gbà pé a tún kọ òun sílẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ó ti sọ ọjọ́ tí òun yóò lọ, kí ó sì fa ọmọ lé olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọmọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Bosso, ní Tunga, ní Chanchaga, àti ní gbogbo ìlú tí ọmọ Yorùbá ń gbé lẹ́yìn odi, ipa tiyín kò kéré. Bí ọmọ bá ní òun lọ rí olùdámọ̀ràn, ẹ má ṣe fi ìbínú bi í pé kí ni ó lọ sọ nípa ilé yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó di dókítà, tí iṣẹ́ mìíràn sì wù ú, ẹ jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.