Òdo àti Àlàfo nínú Ìṣirò Ojú-Ọjọ́ Ọlọ́dọọdún

Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n òjò, òṣùwọ̀n ooru àti atọ́ka afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀ ti ní ibùdó ìwòye ojú-ọjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn òṣùwọ̀n náà bá rí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ètò kọ̀ǹpútà a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni WeeWX, tí Tom Keffer, ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀. Bí ó bá ń kọ àkọsílẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú 5-5, bí ó ti sábà máa ń rí, àkọsílẹ̀ 105,120 ni yóò wà nílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ 365 bá pé. Ta ni yóò kà á tán? Nítorí náà ni ètò náà fi ń kó ti òòjọ́ jọ, tí ó ń ti ara òòjọ́ ṣe ti oṣù, tí ó sì ń ṣe ti ọdún sí ojú ìwé kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tí kò jọra ni ó fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ‘ìṣirò ọdún’. Òjò, àròpọ̀ ni a ń ṣe é. Ooru, ìpíndọ́gba ni. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti 350 dígírì ní àárọ̀, tí ó sì fẹ́ láti 10 dígírì ní ìrọ̀lẹ́, ìpíndọ́gba lásán yóò mú 180 wá, èyí tí í ṣe gúúsù gan-an, bẹ́ẹ̀ àríwá ni afẹ́fẹ́ náà ti wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tí ètò náà ń ṣe ni pé ó ka afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọfà tí ó ní ìhà àti agbára, ó sì ń ro àwọn ọfà náà pọ̀. Èyí lè mú kí ènìyàn fẹ́ pè é ní ‘ìpíndọ́gba ọlọ́fà’, ṣùgbọ́n ọba Ọ̀fà ni ọ̀rọ̀ yẹn yóò kọ́kọ́ mú wá sí ọkàn òǹkàwé. ‘Ìpíndọ́gba ìhà’ tó.

Ibi tí ó ti le jù ni ọ̀rọ̀ òdo. Bí òṣùwọ̀n òjò bá ń ṣiṣẹ́ tí òjò kò sì rọ̀, 0 ni ètò náà ń kọ. Bí òṣùwọ̀n kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, àyè náà yóò wà láìní ohunkóhun. Ká ní ooru ọ̀sán jẹ́ 28 ní ọjọ́ kìíní, 30 ní ọjọ́ kejì, tí ọjọ́ kẹta kò sì ní àkọsílẹ̀. Ìpíndọ́gba ọjọ́ méjì tí a mọ̀ jẹ́ 29. Ẹni tí ó bá ka ọjọ́ kẹta sí 0 yóò rí 19.3. ‘Òfo’ lè wá sí ọkàn fún méjèèjì, ṣùgbọ́n kò yẹ wọ́n: ohùn kan ṣoṣo ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òfò. Ó sàn kí ‘òdo’ dúró fún ohun tí a wọ̀n tí kò sí, kí ‘àlàfo’ sì dúró fún ohun tí a kò wọ̀n.

Ètò náà ń fo àlàfo bí ó bá ń ṣírò, èyí sì dára fún ooru. Fún òjò, àròpọ̀ tí ó bá fo àlàfo ti kà á sí òdo láìsọ. Ní Ìbàdàn, àlàfo ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kìíní, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lè ṣàì mú nǹkan kúrò. Irú rẹ̀ nínú oṣù kẹfà lè sọ ọdún olójò di ọdún ọ̀dá lórí ìwé. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi ìpamọ́ tiwọn. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Davis ṣe fún Vantage Pro2 ń gba àkọsílẹ̀ 2,560. Ní ìṣẹ́jú 5-5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà kú, ṣùgbọ́n tí bátìrì gbé ẹ̀rọ náà dúró, kọ̀ǹpútà yóò kó gbogbo rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ tuntun yóò máa gba àyè èyí tí ó pẹ́ jùlọ.

Ojú ìwé ọdún tí ó sọ àròpọ̀ òjò láìsọ iye ọjọ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ kò tíì pé. Òpó kan ni ó kù kí a fi kún un, kí orí rẹ̀ jẹ́ ‘ọjọ́ tí a wọ̀n’: 365 níbi tí nǹkan kan kò yẹ̀, 355 níbi tí àlàfo ọjọ́ mẹ́wàá bá wà, kí a sì kọ oṣù tí àlàfo náà bọ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.