Ìyá Ehoro Nínú Páálí Computer Village

Lẹ́yìn fóònù àti ariwo, páálí ló tún pọ̀ jù ní ọjà Computer Village l'Ékòó. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn onísọ́ọ̀bù òpópónà Otigba níbẹ̀ bá ń palẹ̀ mọ́, páálí kọ̀ǹpútà, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti bátìrì á ga dé orúnkún létí títì. Àwọn kan ń dì í lókùn láti lọ tà á. Àwọn mìíràn ń mú ẹyọ kan tàbí méjì lọ sílé ní Àgége tàbí Ògbà, torí pé wọ́n ní ehoro lẹ́yìnkùlé.

Ehoro ilé yàtọ̀ sí èyí tí ọdẹ ń pa bọ̀ láti oko. Orí ilẹ̀ gbalasa ni ti oko ń bímọ sí, irun á ti bo ọmọ náà, ojú rẹ̀ á ti là, kò sì ní pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n sá. Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí ni ìran ti ilé ti ṣẹ̀ wá, inú ihò ló sì ń bímọ sí. Ìhòòhò ni ọmọ rẹ̀ ń wá sáyé, ojú á dì pa fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12, etí á lẹ̀ mọ́ orí. Bí ibi tó wà kò bá móoru, ó kú nìyẹn.

Oyún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 31, ó lè fi ọ̀kan dín, ó lè fi ọ̀kan lé. Bó bá kù díẹ̀ kó bí, ẹ ó rí i tó kó koríko sẹ́nu tí ìdajì rẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí irunmú àgbàlagbà, á máa gbé e kiri, á máa wá kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn. Bó bá rí páálí, á fi eyín fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ́ ẹ. Nígbà tí ìkúnlẹ̀ bá dé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà àti ikùn ara rẹ̀ tu, á fi bo àwọn ọmọ. Irun náà fúyẹ́ débi pé bí àwọn ọmọ ṣe ń mí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè rẹ̀ ń gbéra tó sì ń wálẹ̀.

Igbe méjì ni àwọn tó ń sin ehoro sábà máa ń ké: pé ó ń jẹ ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, àti pé ó jẹ ọmọ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Ohun kan wà tí ẹran náà ń wá tí kò rí, tàbí tó ń sá fún tí kò rí ibi sá sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti páálí. Eyín ehoro kì í yé hù títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí ohun rún. Koríko ló wà fún iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń fi búrẹ́dì Àgége àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ehoro, tí kì í fún un ní koríko, kí ló ń yà á lẹ́nu bó bá kọjú sí páálí? Páálí díẹ̀ kì í pa á. Ohun tó bá páálí wá láti sọ́ọ̀bù ló léwu: sẹ́lótéèpù, pínnì, ọ̀rá, àti fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀. Ehoro kò lè bì. Ohun tó bá gbé mì tí kò dà, ìfun ló máa dí. Èyí tí kò bá jẹun tí kò sì yàgbẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran kíá. Iyẹ̀pẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ológbò tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì náà kò dára fún un, torí pé ṣe ló ń dì pọ̀ bí omi bá kàn án. Èérún pákó kíkúnná ń kó sí ọmọ ehoro nímú, ti ìrókò tilẹ̀ ń yọ ènìyàn tó ń là á lẹ́nu. (Bẹ́ ẹ bá rí ehoro tó tẹrí sábẹ́ ìdí ara rẹ̀ tó ń jẹ nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀ o. Ìgbẹ́ rírọ̀ rẹ̀ ni, ara oúnjẹ rẹ̀ ni.)

Ní ti oúnjẹ rẹ̀, yúnyun, ìgbálóde, ewé ọ̀dúnkún, eesun: ẹ gé e, ẹ sá a kó rọ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Èyí tó ń hù létí gọ́tà, ẹ fojú fò ó.

Ti ọmọ jíjẹ ló ń dẹ́rù ba ènìyàn. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ta ló pòwe fún ìyá tó jẹ ọmọ? Wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí bóyá òun ló tilẹ̀ pa á. Ọmọ tó bá kú sínú ìtẹ́, ìyá á jẹ ẹ́, kí òórùn má bàa pe ọ̀tá wá. Ó tún ń jẹ ibi ọmọ, abo tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn sì lè ti ìwọ́ kọjá sí ara ọmọ láìmọ̀. Èkúté náà ń jẹ ọmọ ehoro, kò sì sí àdúgbò ọjà tí èkúté kò sí. Ìjàlọ ńkọ́? Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn fi ń ki ẹsẹ̀ àgò bọ agolo kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì.

Bó bá wá jẹ́ pé òun ni lóòótọ́, ìbẹ̀rù àti òǹgbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òru tàbí ìdájí ló sábà ń bímọ, ìgbà yẹn gan-an ni omi ń tán nínú abọ́ tí kò sì sí ẹni tó máa bu òmíràn. Ojú òrùn Èkó kò dẹ̀ fún un, etí rẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára jù. Ẹ wá gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ajá máa gbó sí i, kí àwọn ọmọdé máa yọjú wò ó. Á ta gìrì, á fò sínú ìtẹ́, á tẹ ọmọ pa, á sì gé e jẹ.

Ní ọjọ́ 28 oyún, ẹ gbé páálí kan tó ṣe déédéé ara rẹ̀ fún un, èyí tẹ́ ẹ ti yọ gbogbo pínnì àti téèpù rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ilé ìgbẹ́ ló máa fi ṣe. Ẹ gé iwájú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, torí pé ọmọ tó bá so mọ́ ọmú lè bá ìyá jáde, ehoro kì í sì í fẹnu gbé ọmọ padà bíi ti ológbò. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, ẹ má fi òwú sí i, kó má lọ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bo àgò, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ìyá sábà ń fún wọn lọ́mú, bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rí i tó jókòó jìnnà sí wọn, kò kọ̀ wọ́n. Bí ikùn wọn bá rí rogodo láàárọ̀, ó ti fún wọn. Wọ́n ní bí ọwọ́ ènìyàn bá kan ọmọ, ìyá á jẹ ẹ́. Ti inú ilé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà fi ọwọ́ pa koríko àgò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ òkú ọmọ kúrò láàárín wọn.

Àwọn tó fi í ṣòwò ń jẹ́ kí akọ gun abo méjì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n lè kó ọmọ ọ̀kan sábẹ́ èkejì bí wàhálà bá dé. Ọmú 8 sí 10 ni ìyá ní, wọn kì í sì í kó ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Abo tó jẹ ọmọ ìbí àkọ́kọ́, wọ́n á foríjì í. Ìkejì, wọ́n á ṣọ́ ọ. Bó bá di ìkẹta, ata ti wà lórí ọlọ. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ ehoro náà lórúkọ kò lè ṣe ìyẹn. Kó yáa má gbé akọ sún mọ́ ọn mọ́.