Ìlú Tó Fa Omi Abẹ́ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mu

Ní agbègbè Koto, ní ìlà-oòrùn Tokyo, páìpù kànga ló máa ń tú àṣírí ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ri irin náà mọ́lẹ̀, kò sì ráyè sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ń sọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹnu kànga tó wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá nàró gangan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní irin ló ń hù.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà rù. Ìmìtìtì kọjá, ilẹ̀ kò yéé rì. Ní Osaka, kí ogun àgbáyé kejì tó parí, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kiyoo Wadati sọ pé omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fà lábẹ́ ilẹ̀ ló fà á. Ogun gan-an ló wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù jó àwọn ilé-iṣẹ́ Tokyo tí ẹ̀rọ ò fa omi mọ́, ilẹ̀ sinmi. Nígbà tí wọ́n tún wọn kọ́, rírì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Amọ̀ ló kún abẹ́ ìlú náà, omi inú rẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé e ró. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ rírin tí a dì sínú àpò, tí a gbé òkúta lé: omi rẹ̀ á jáde, àpò á rọlẹ̀. Bí a bá tún da omi lé e lórí, kò ní wú padà bó ṣe wà.

Ìjọba ṣe òfin ní 1956, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1962. Lójú tèmi, òfin nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà. Láti 1964 ni wọ́n ti ń fi páìpù gbé omi mìíràn lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ Koto, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi rọ́pò kànga. Ní 1972, ìjọba Tokyo ra ẹ̀tọ́ àwọn tó ń wa gáàsì pẹ̀lú omi abẹ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ sí i tí rírì náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá, ṣùgbọ́n apá kan Koto ti sọ̀ ju mítà mẹ́rin lọ.

Omi padà, ó sì mú wàhálà tirẹ̀ dání. Ó ń ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ueno tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sókè, ni wọ́n bá di irin wíwúwo lé e kó má baà léfòó. Èyí tó ń jò wọ ihò ọkọ̀ ojú irin nítòsí ibùdó Tokyo, láti 2002 ni wọ́n ti ń dà á sínú odò Tachiai, tó ń rùn tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹja fi ya wọ odò náà.

Jakarta, tí ilẹ̀ tirẹ̀ náà ń rì, ti fòfin de fífa omi abẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ilé ńláńlá ní àwọn àdúgbò kan láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Ta ló máa dí kànga rẹ̀ nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́?

Ilẹ̀ Tokyo tó rì kò gòkè padà. Òkun sì ń ga sí i, òjò ìjì sì ń le sí i. Ní 2019, ìjọba ìbílẹ̀ Edogawa, alábàágbé Koto, pín àwòrán ilẹ̀ nípa omíyalé fún àwọn ará ìlú. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni pé kí wọ́n má dúró síbẹ̀.